Pélé Ojú Eyínfúnjowó

Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé Rájí ní Ìlọrin, mo fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní orúkọ tèmi, mo ní Eyínfúnjowó, nítorí bó bá rẹ́rìn-ín, iyàrá á ti mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tan àtùpà. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí. Eyín náà ti ku díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ò bá eyín jábọ́.

Òun ló tọ́ ọkọ mi. Ìyá wọn kú nígbà tí Rájí ṣì ń rákò, ẹ̀yìn Eyínfúnjowó ló sì sùn dàgbà. Nígbà tí Túnráyọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ ṣègbéyàwó, orúnkún ọkọ mi kò jẹ́ kí a lè ti Zaria wọ mọ́tò dé Ìlọrin. Wọ́n bá fi díìsì fídíò ìnáwó náà ránṣẹ́ sí wa.

Tẹlifíṣọ̀n wa ìgbà yẹn, èyí tó ní iké lẹ́yìn ni, tí a rà nígbà tí Hafeezat ọmọ wa ṣì wà ní pírámárì. A gbé díìsì sí i. Ìgbà tó kan àdúrà, Eyínfúnjowó dìde, ó ní kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ àbúrò òun tó wà ní Zaria, àti ìyàwó rẹ̀ olórin. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò jókòó sórí àga? Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mo dorí kodò, mo ń ṣe àmín, àmín.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Hafeezat, pélé ojú rẹ̀ dà?"

Mo ní, "Ṣé pélé ń rìnrìn àjò ni? Ó wà níbẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì."

Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

Fìlà ni ọkọ mi ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí lára. Àwọn Hausa Tudun Wada pàápàá ń wá a wá sí Sabon Gari tí à ń gbé nítorí ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní ojú òun ti ń lọ, bí ti bàbá òun ṣe lọ, tí wọ́n fi ọ̀pá fà á kiri títí ó fi kú. Hafeezat ní kí a lọ rí dókítà ojú.

"Kí ni dókítà fẹ́ sọ tí n kò mọ̀?" ni bàbá rẹ̀ wí. "Pélé wà lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá rẹ rí i, èmi ò rí i. Ó parí."

Èmi náà gbà pé mo rí i. Bí mo bá di ojú, mo ń rí i kedere.

Ojú kò tíì fọ́, ọkùnrin yìí ti ń rìn bí afọ́jú, ó ń tọ ògiri lọ wẹ̀. Láàárọ̀, bí a bá kírun tán, á máa wo ojú mi, á wò ó, á wò ó. Mo bi í léèrè pé kí ló ń wò lára arúgbó. Ó ní òun ń kó o pamọ́ ni. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún díẹ̀, mo sì kọrin, nítorí ẹkún tí kò lórin nínú a máa pẹ́ lọ́fun:

*Ojú tó yàn mí láàárín omidan,*
*Ọba Ọlọ́run, bá mi dá a sí.*
*Ojú tó mọ̀ mí nígbà tí mo pupa roro,*
*Jẹ́ kó mọ̀ mí báyìí tí mo hun jọ.*

Ìgbà náà ni Hafeezat, tó ń ṣe tíṣà ní Samaru, ní òun fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun fún wa, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní LCD, kí bàbá òun lè rí nǹkan tó fẹ̀.

Bàbá ní, "Ta ló ń ra dígí fún afọ́jú?"

Mo ní, "Ẹ wá bá mi nájà ni. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá ti ń kọrin, wọ́n á máa fowó lé ọjà."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìyẹn, ó sì tẹ̀lé wa. Mo fi díìsì Ìlọrin sínú báàgì mi.

Kwangila la lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Túbọ̀sún, ọmọ Ọ̀fà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Méjì ló bá àpò wa mu, wọn kì í ṣe ti olówó, wọn kì í sì í ṣe jákujàku. Ọ̀kan fẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Èkejì kéré sí i.

Túbọ̀sún ní, "Màmá, HD ni méjèèjì. Bí èèrà bá ń rìn nínú rẹ̀, ẹ ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Èèrà tó wà nílé mi ò tíì tán, mo tún fẹ́ fowó ra òmíràn?"

"Màmá yìí, Ìlọrin ni yín lóòótọ́."

"Ọ̀fà náà kúkú ni ọ́, mo ti di báàgì mi mú."

Ó tan méjèèjì. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, òdòdó ń yọ. Nínú èyí tó fẹ̀, ewé tutù ju ewé tí Ọlọ́run dá lọ, pupa rẹ̀ sì ń ta mọ́ni lójú. Hafeezat ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ta àǹkárá rí. Aṣọ tó bá ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù, omi àkọ́kọ́ ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo ṣe bí a ti ń ṣe fún aṣọ: mo wò ó níwájú, mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún wò ó. Láti ẹ̀gbẹ́, ńlá náà ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Kékeré kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, dúdú rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọkọ mi jókòó sórí páálí kan, kò tilẹ̀ yíjú síbẹ̀.

Mo ní, "Túbọ̀sún, ẹja kì í ṣe ará ilé mi. Gbé díìsì yìí sí i."

Ó gbé e sínú ńlá. Ìgbà tó kan àdúrà, ohùn Eyínfúnjowó jáde, ó ń dárúkọ wa. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan sìmẹ́ńtì.

Túbọ̀sún ní, "Màmá, kí ló jábọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Ìyá, tẹlifíṣọ̀n ni," ni Hafeezat wí, ó ń fà mí lápá.

Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣàdúrà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ó yí orí sí mi díẹ̀díẹ̀. "Ìyá Hafeezat. Lọ́jọ́ tí mo bèèrè pélé, ibo lo wà?"

"Mo wà lórí ìkúnlẹ̀."

"Ojú rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀, níbi tó yẹ kí ojú ìyàwó wà."

"Haba," ló wí, jẹ́jẹ́ ló wí i. "Gbé e sókè nísinsìnyí. Kí lo rí?"

Mo gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò gbójú sókè sí àdúrà obìnrin yìí rí. Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran tí wọ́n fọ̀ tán. Kò sí ilà kankan lára rẹ̀.

Mo ní, "Pélé ò sí níbẹ̀, Bàbá Hafeezat."

"Ìwọ náà ò rí i?"

"Èmi náà ò rí i. Bóyá la sì rí i nínú tẹlifíṣọ̀n oníké ilé wa."

Túbọ̀sún, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, yọ díìsì, ó gbé e sínú kékeré. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Mo ti rí ohun tí mo rí, àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọkọ mi ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó fa páálí rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó tún fà á. "Hafeezat, bá mi dá a dúró."

Àwòrán dúró. Ó na ìka, kò kàn án.

"Ọ̀kan. Èkejì rèé. Ìkẹta, ìdí rẹ̀ wọ́. Ó ní ẹṣinṣin ló bà lé òun nímú nígbà tí olóòlà ń kọ ọ́, òun sì mi orí. Bó bá gbé mi sórí ẹsẹ̀, ọ̀nà yẹn ni ìka mi máa ń tọ̀ títí màá fi sùn."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Hafeezat fi etí ìborùn nu ojú.

Túbọ̀sún wú ikọ́. "Bàbá, ẹ má bínú sí ńlá yìí o. Èmi ni mo gbé iná rẹ̀ sókè, kó lè máa pe oníbàárà láti títì." Ó dín in kù, ó dá díìsì padà sínú rẹ̀, lóòótọ́ ni pélé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Ọkọ mi ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èyí kékeré ò dúró kí á bẹ̀ ẹ́."

Kékeré la gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló nájà, ó sì ná an débi pé Túbọ̀sún ní òun á ránṣẹ́ sí ọba Ọ̀fà kó wá gba òun sílẹ̀.

Nínú mọ́tò, ọkọ mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hafeezat tó ń wakọ̀, ó ń ka gbogbo pátákó tó wà lẹ́bàá títì sókè, bí ọmọ iléèwé. Oníbúrẹ́dì. Ẹni tó ń ṣe táyà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé oògùn kan. Ó ka òmíràn tọ̀nà, ó ṣi òmíràn kà, Hafeezat fẹ́ tún un ṣe, mo sì ti fi ìka gún un léjìká láti ẹ̀yìn pé kó dákẹ́. Mo ki orin bọ̀ ọ́:

*Ó ń ka pátákó, ó ń ka pátákó,*
*Ọkọ mi ń ka títì Zaria bí ìwé.*
*Èyí tó ṣì kà, ẹ má tún un ṣe,*
*Ọlọ́run tó kọ ọ́ ti gbọ́.*

Ibi tí àwòrán ẹyinjú kan ti wà lára pátákó ilé ìwòsàn ojú, ó ṣíwọ́ kíkà. Ó ní kí Hafeezat dúró. Ó wo àwòrán ẹyinjú náà pẹ́ títí.

Ó ní, "Àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ìyẹn ni mi ò lè kà. Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí?"

Hafeezat ní, "Láàárọ̀ Monday, Bàbá."

Ó ní, "Tóò. Wá gbé mi."