Òkúta Inú Omi Margaret

"Ìwọ náà tún ti lọ," Simeon Adéagbo sọ fún ẹja tó léfòó lójú omi.

Ó fi asẹ́ tíì gbé e jáde. Ẹja tí kò ju ìka ọmọdé lọ ni, ìlà búlúù ara rẹ̀ sì ti ṣá. Mẹ́fà ni Margaret, ìyàwó rẹ̀, fi sílẹ̀ sínú àpótí gíláàsì yìí nígbà tó kú. Márùn-ún ti kú tẹ̀ lé e láàárín oṣù méjì. Ẹyọ kan tó kù sá sí igun, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí ẹyọ kan yẹn bá tún kú, kò ní sí ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́ nínú ilé náà àfi òun. Ẹ wo ayé! Ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba ní Minna, tó kọ́lé sí àdúgbò Dutsen Kura níbẹ̀, ẹja ló wá ń bẹ̀ pé kó má kú. Kí ló tún kù? Abímbọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà. Margaret wà nínú ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ fàáké kọ́rí pé wọn ò ní sin ọmọ àwọn sí ìlú onílùú. Wọ́n gbé e lọ sílé. Simeon nìkan ló wọ mọ́tò padà.

Ó gbé ẹja náà lọ sẹ́yìn ilé, ó gbẹ́ ihò kékeré sídìí ata. Nàímátù, aládùúgbò rẹ̀, ń sá aṣọ lódìkejì ògiri ọgbà. Tíṣà kẹ́mísìrì ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Kái, Bàbá! Ẹ kú àárọ̀ o. Kí lẹ̀ ń gbìn?"

"N ò gbin nǹkan kan. Ẹja Màmá ni mò ń sin."

"Òmíràn tún ti kú? Èyí kì í ṣe ojú lásán o. Ẹ dúró, mò ń bọ̀."

Kò pẹ́ tó fi wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì, ó béèrè oúnjẹ, ó béèrè omi. Oúnjẹ ò yí padà, omi kànga àtẹ̀yìnwá náà ni. Ó fi ìka ha etí gíláàsì, nǹkan funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àwọn òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ omi.

"Bàbá, èyí ńkọ́? N ò rí i níbẹ̀ nígbà ayé Màmá."

Simeon wo àwọn òkúta náà. "Orí sàréè rẹ̀ ni mo ti kó o."

Oṣù méjì sẹ́yìn ni àwọn bíríkìlà parí sàréè náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òkúta funfun ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun níbi ayẹyẹ rẹ̀, Simeon bẹ̀rẹ̀ sídìí sàréè, ó ṣa èyí tó ṣẹ́kù sínú áńkáṣíìfù. Orí itan ló gbé e lé títí tó fi dé Minna. "Mo fọ̀ ọ́ dáadáa," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kí òun náà wà nílé ni."

Nàímátù ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá láti ilé rẹ̀, ó mú ẹyọ òkúta kan, ó nù ún, ó fún omi ọsàn sí i lórí. Òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí hó, ó ń yọ ìfófòó.

"Ẹ rí i? Mábù nìyí. Ohun tó wà nínú ẹfun ló wà nínú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ sómi, irú ẹja yìí ò sì lè gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀."

"Òkúta lásán?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òun ló ń pa wọ́n."

Inú bí Simeon. "Ohun tí mo gbé wá láti ọ̀dọ̀ Margaret ló ń pa ẹja Margaret? Máa lọ sílé ẹ, jàre! Gbogbo nǹkan kọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín níléèwé!"

"Tò, mo gbọ́." Nàímátù gbé ọsàn sílẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òkúta mìíràn dípò, èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín, òkúta Minna níbí, kò ní hó. Ẹ dán an wò. Èyí tó bá ní ohun tó ń dán bí irin lára, ẹ jù ú nù. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án rárá."

Nígbà tó lọ tán, ìtìjú mú Simeon, àárò ìyàwó rẹ̀ sì sọ ọ́ gidigidi. Ó jókòó títí, ó ń wo ẹja tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ nígun. Níkẹyìn ó mú ọsàn, ó lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí àpáta ti yọ orí látinú ilẹ̀. Margaret kì í yé bú àpáta yẹn, ó ní ó ti ṣẹ́ ọkọ́ òun mẹ́ta. Simeon ṣa àfọ́kù márùn-ún lára rẹ̀. Ọ̀kan ń dán, ó jù ú nù. Ó fún ọsàn sórí mẹ́rin tó kù, ó dúró, ó tiẹ̀ gbé etí sún mọ́ wọn. Wọn ò hó.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n tutù. Lẹ́yìn náà ló ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì ń ṣa òkúta Margaret jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún, kò sì pa á mọ́. Ta ló fẹ́ pa á mọ́ fún? Ó kó òkúta dúdú mẹ́rin tẹ̀yìn ilé sí ipò wọn. Ó da omi díẹ̀ péré nù, ó fi òmíràn dípò, kí ẹja má baà ta gìrì. Ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, bákan náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, ẹja náà rọra yọ láàárín àwọn òkúta dúdú, ó gòkè wá, ó gbé oúnjẹ mì.

"Ó jẹ ẹ́!" Simeon yíjú sí àga tí Margaret máa ń jókòó sí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó dìde, ó jáde lọ sídìí ògiri ọgbà. Ó pẹ́ tó ti gbé ohùn sókè pe ẹnikẹ́ni.

"Nàímátù! Ó ti jẹun o!"

"Ta ló jẹun?" Láti ilé ìdáná ni ohùn rẹ̀ ti wá.

"Ẹja ni! Jọ̀ọ́, má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Haba, Bàbá, ó ti tán. Alhamdulillahi!" Ó yọ orí síta, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni Simeon ti fẹ́ sọ, bó ṣe máa ń dá Abímbọ́lá lóhùn lórí fóònù.

"Rárá," ó ní. "Mi ò tíì jẹun láti àná."