Ilé-Iṣẹ́ Kẹ́tù Ń Lọ sí Ṣáínà

Ìgbà kẹta tí jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́ láàárín oṣù kan ni Alhaja Sherifat fi ìbínú jókòó sórí páálí kẹ́tù kan láàárín ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Alhaja kì í ṣe ẹni tín-ín-rín. Páálí rún mọ́ ọn nídìí, kẹ́tù méjìlá sì yí káàkiri ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Habeeb, àkọ́bí rẹ̀, nìkan ló rín in.

Kẹ́tù àlùwàlá oníke ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mọ́sálásí tí èèyàn máa wọ̀ ní Ọ̀fà tí kò ní bá kẹ́tù Alhaja níbẹ̀ kò pọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n tà á, Alhaja ní ẹni tó bá ń wá ohun títà kó lọ ta ilé bàbá tirẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlá báyìí tó ti ń dá a darí.

Habeeb fa ìyá rẹ̀ dìde, ó tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká gbé ilé-iṣẹ́ yìí lọ Ṣáínà," ló wí. Òun náà ń kó ọjà wọlé láti ibẹ̀, ó sì mọ àwọn tó ń ṣe ike. "Wọ́n á máa bá wa ṣe kẹ́tù lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fi kọ́ńténà kó o wá. Iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin á kàn máa jókòó, ẹ óò máa tà."

"Àwọn òṣìṣẹ́ mi ńkọ́?"

Habeeb wo àjà. "A máa wá nǹkan fún wọn."

"Nǹkan wo?"

"Nǹkan ṣáà ni, Mummy."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àpẹẹrẹ kẹ́tù dé láti Ṣáínà. Alhaja gbé e sókè, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó fi ìka tọ ẹnu rẹ̀, ó ń wá àléébù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kẹ́tù náà ṣe àlùwàlá. Kò jò. Ó tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò fọ́. Bí kẹ́tù náà ṣe dára tó ló dùn ún jù. Ó sọ fún Habeeb pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òun fi ronú.

Ohun tí Alhaja ò mọ̀ ni pé Ìyá Ìyìn, obìnrin tó ń di kẹ́tù sínú páálí, wà lẹ́yìn fèrèsé ní ọjọ́ tí Habeeb kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò dúró gbọ́ ìyókù, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́: ilé-iṣẹ́ ń lọ sí Ṣáínà. Ó di ìjọ́ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ ti gbọ́. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa: bí ilé-iṣẹ́ bá ń lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ náà ń lọ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni ìwà wọn ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ dé mọ́. Ìyá Ìyìn mú igi ìgbálẹ̀ méjì dání lọ́sàn-án, ó fi ń ṣa ìrẹsì jẹ ní hóró kọ̀ọ̀kan bí àwọn ará Ṣáínà, kò sì yó títí iṣẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀. Abdulwasiu, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí máṣíìnì ńlá, dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja láàárọ̀, ó kí i lédè Ṣáínà, "Ní háo!"

Alhaja rò pé ó sín ni. "Yarhamukallahu," ó dá a lóhùn, "lọ ra oògùn òtútù."

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè láti lọ sí Ìlọrin, mẹ́rin lónìí, márùn-ún lọ́la. Ọkàn Alhaja bàjẹ́. Ó ní wọ́n ti gbóòórùn ọ̀rọ̀, wọ́n ń wá iṣẹ́ mìíràn kiri. Kò lè wo ojú wọn, ó ń fún gbogbo wọn láyè.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Abdulwasiu pè é wá síbi àdúrà kan nílé ìyá rẹ̀ ní Ìjàgbó. Alhaja rò pé àdúrà iṣẹ́ tuntun ni. Ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún lórí ẹní, páásípọ́ọ̀tù tuntun lọ́wọ́ oníkálùkù.

Ìyá Abdulwasiu, arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, di ọwọ́ Alhaja méjèèjì mú.

"Alhaja, ẹ ṣeun. Mo ti ra súwẹ́tà mẹ́rin fún un. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò mọ ọmọ olóore."

"Òtútù ibo, Màmá?"

"Ti Ṣáínà tí ẹ ń kó wọn lọ! Ṣé ẹ mọ̀ pé Alhaji Abdulganiyu tó ní òun ò lè fi Khàdíjàt ọmọ rẹ̀ fún oníṣẹ́ ike, òun fúnra rẹ̀ ló wá mú ọjọ́ yìgì báyìí?"

Lọ́gán ni gbogbo rẹ̀ yé Alhaja: páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n ń lọ gbà ní Ìlọrin, ìgbálẹ̀, sísín. Kó tó ríbi jókòó, alùfáà ti gbẹ́nu lé àdúrà.

"Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n dá wọn padà ní pápá ọkọ̀ òfurufú!"

"Àmín!"

"Kí Ọlọ́run fi Alhaja ṣe ọ̀nà fún wa títí láé!"

Ilé mì tìtì fún àmín.

Bó ṣe délé ló pe Habeeb. "Kí ni Ṣáínà ní tí a ò ní?" ó bi í.

"Iná, Mummy. Iná ni kókó."

"Ó dáa. Má kó kẹ́tù wá fún mi. Iná ni kí o kó wá. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tí wọ́n ń tà, àti bátìrì ńláńlá wọn, òun ni kí o fi kọ́ńténà rẹ kó wá."

Habeeb fẹ́ jiyàn. Alhaja ní oòrùn Ọ̀fà tó ti dá òun lóró látìgbà èwe, ó tó kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ mi. Ká ní mo gbé iṣẹ́ yìí lọ Ṣáínà, iṣẹ́ nìkan ni ì bá lọ. Ilé ni ẹ̀yin ì bá wà. Mo ti rò ó, mi ò gbé e lọ mọ́. Iṣẹ́ yín ò bọ́."

Ó ń retí ayọ̀. Kò sí ayọ̀ kankan.

"Ẹ ń sọ pé kẹ́tù ni ì bá rí òkè òkun, tí àwa á wà ní Ọ̀fà?" Ìyá Ìyìn ló sọ̀rọ̀, omijé ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Mo ti dágbére fún gbogbo àwọn àna mi ní Ẹ̀rìn-Ilé! Ojú wo ni màá fi padà lọ síbẹ̀?"

Àwọn tí Alhaja gbà lọ́wọ́ àìríṣẹ́ṣe bá bínú sí i bí ẹni tó jí ẹrù wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà láìkí i. Abdulwasiu nìkan ni kò bínú. Ó kàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Àánú rẹ̀ ṣe Alhaja. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò tilẹ̀ sùn dáadáa, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kó tẹ̀ lé òun lọ sílé Alhaji Abdulganiyu.

Akọ̀wé kánsù tó ti fẹ̀yìn tì ni Alhaji. Alhaja ròyìn ohun gbogbo fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn," ni Alhaji wí, ó sì tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ dákun, Alhaji. Abdulwasiu mọ máṣíìnì mi ju ẹni tó ṣe é lọ. Láti oṣù tó ń bọ̀, òun ni olórí gbogbo àwọn tó ń darí ẹ̀rọ."

Kí Alhaji tó fèsì, Khàdíjàt jáde láti yàrá, téépù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, Alhamdulillahi! Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ fún un pé kó máa nìkan lọ. Ṣé kí n fi ṣọ́ọ̀bù mi àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sílẹ̀ torí kẹ́tù?"

Alhaji wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkọ ọmọ, ó mí kanlẹ̀. Ó wọlé, ó sì gbé páálí kan jáde. Ìwé ìpè yìgì ni, igba ẹyọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtẹ̀wé dé. Lábẹ́ orúkọ ọkọ ìyàwó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: TI ÌLÚ ṢÁÍNÀ.

"Mi ò lè tún òmíràn tẹ̀," ó wí. "Ẹ wá báírò."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń fa ìlà sórí Ṣáínà, wọ́n ń kọ Ìjàgbó sókè rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Alhaja ló burú jù, ni Alhaji bá ní kó kúkú máa bá àwọn kó o sínú àpòòwé.