Ìdọ̀bálẹ̀ Ọjọ́ Àkọ́kọ́

2.

…kí wọ́n tó rí i gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Pákó náà ti kán sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ omi tòmátì nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mujeeb ni wọ́n lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

1.

(Ó yẹ kí eléyìí ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ ni kò jẹ́.)

Lára géètì ilé kan ní Ìkòsì:

Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́ TÍ Ẹ Ń WÁ IṢẸ́!
Gbogbo Sátidé. A ó bá yín kọ CV. A ó bá yín wá ọ̀gá.
Ọ̀FẸ́ NI.
*Bánjí àti Adéníkẹ́ Olúwọlé. A ti fẹ̀yìn tì, a ò tíì sùn.*

3.

Ọkọ ló ń kọ CV. Adéníkẹ́, tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí, ló ń kọ́ wọn ní ìwà, lórí kọnkéré iwájú ilé. Ó ní ìwé ẹ̀rí lè múni dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìwà ló ń múni pẹ́ níbẹ̀.

OHUN TÍ MUMMY NÍ KÁ ṢE LỌ́JỌ́ ÀKỌ́KỌ́

— Tètè dé.
— Béèrè ẹni tó jẹ́ olórí.
— Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀. Àyà sílẹ̀.
— Má dìde títí wọn ó fi ní kí o dìde.

"A kì í lu ẹni tó dọ̀bálẹ̀," ló máa ń wí. Ó gbà á gbọ́ bó ṣe gba Bíbélì gbọ́.

4.

WhatsApp, òwúrọ̀ Mọ́ńdè

Mujeeb: Ẹ káàárọ̀ Mummy. Mo ti dé Mile 12. Yard yìí rough gan-an o
Mummy: Ta ni wàá kọ́kọ́ kí?
Mujeeb: Ọ̀gá àwọn alábàárù. Wọ́n ń pè wọ́n ní Bros Ṣùáíbù
Mummy: Àyà sílẹ̀ o.
Mujeeb: Yes ma 🙏
Mummy: Ṣé o ti kí wọn?
Mummy: Mujeeb?

5.

Ohun tí Bánjí àti Adéníkẹ́ kò béèrè:

Alhaja tó ni tòmátì ló fún wọn níṣẹ́ náà, kí Mujeeb máa ka apẹ̀rẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ látinú tírélà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà sílé. Wọn ò mọ̀ pé àbúrò Ṣùáíbù ló ń kà á tẹ́lẹ̀. Ẹni a bá lábà ni baba. Tọkọtaya náà mọ òwe yìí dáadáa, àmọ́ wọn ò dé àbà.

6.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Bàrákátù ń ta tòmátì ní yáàdì náà. Ìṣojú rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

BÀRÁKÁTÙ: Ó wọlé, ó béèrè Ṣùáíbù. Ó dọ̀bálẹ̀.
ADÉNÍKẸ́: Níbo?
BÀRÁKÁTÙ: Nínú ẹrẹ̀, Mummy. Gbogbo àyà. Àwa obìnrin ń rẹ́rìn-ín, a ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé.
ADÉNÍKẸ́: Ṣùáíbù wá ńkọ́?
BÀRÁKÁTÙ: Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ gba iṣẹ́ àbúrò mi?" Ó fa pákó tí wọ́n fi ń sọ ẹrù yọ. Mo pariwo, "Sáré! Sáré jàre!" Wallahi, àyè wà. Géètì ò jìnnà.
ADÉNÍKẸ́: Kí ló dé tí kò sá?
BÀRÁKÁTÙ: Ó ń sọ pé, "Wọn ò tíì ní kí n dìde."

7.

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yìn ọrùn.

Ẹ̀ẹ̀kejì.

Kò dìde.

8.

Bánjí, tí kò na ọmọ tirẹ̀ rí, wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mile 12. Nígbà tó padà dé, fìlà rẹ̀ kò bá a bọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ méjì kò bá a bọ̀.

"Daddy, ṣé ẹ lu Ṣùáíbù?" ni Adéníkẹ́ bi í.
"Mo lù ú."
"Níbo?"
"Apá. Mo gbọ́ tó kán."
"Ṣé ó ké?"
"Ó ké."

Inú Adéníkẹ́ dùn. Ó dùn débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá.

9.

Sátidé. Wọn kò rántí yọ ìkéde náà.

Ọmọkùnrin kan wọlé, Dayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti wá rí ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí Mummy. Ó dojú bolẹ̀ lórí kọnkéré, àyà sílẹ̀.

"Dìde!"

Adéníkẹ́ fà á lọ́rùn ẹ̀wù títí ẹ̀wù fi ya. Ó gbá a létí. Ó tún gbá a.

"Ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ má bínú, ma," ni Dayọ̀ wí. Ó sì tún dọ̀bálẹ̀.

10.

NỌ́Ọ̀SÌ: A ò lè sọ bóyá ó ń gbọ́ yín, Mummy.

Nítorí ojú egbò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àyà sílẹ̀. Adéníkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu sí i létí.

"Mujeeb. Mo ní kí o dìde."

11.

(Kò tíì dìde.)