Òrùlé Bayumi Tí Mi Ò Fi Sínú Géèmù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń kà mí. Ẹ fìdí kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, mi ò bù mọ́ ọn. Ragab lorúkọ mi, káfíńtà ni mí ní Káírò níbí kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìwé mi ò jìnnà. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín, nítorí ó ti rẹ̀ mí, mi ò ní padà wá tún un kà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Metwalli ni. Ẹlẹ́yẹlé ni. Kì í ṣe ẹyẹlé jíjẹ o! Ẹyẹlé tí wọ́n ń tú sójú ọ̀run nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ju àsíá sí, tí wọ́n ń súfèé pè. Èmi ni mo kan ilé gogoro onípákó fún un lórí òkè ilé wa. Ó ga débi pé ìyá wa ní a fẹ́ lọ bá àwọn áńgẹ́lì yá yàrá. Ẹlẹ́yẹlé míì, Bayumi, wà ní òdìkejì títì, òun náà ní tiẹ̀. Bí agbo ẹyẹlé méjèèjì bá pàdé lókè, èyí tó bá ṣìnà tó bà sórí ilé ẹlòmíì, ó ti di ti onílé nìyẹn. O ò gbọdọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Kó o yáa wá bó o ṣe máa mú tiẹ̀ náà. Látìgbà tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù ni òun àti Bayumi ti ń kó ara wọn lẹ́yẹ báyìí, tí wọ́n ń bú ara wọn láti òrùlé dé òrùlé.

Títì tuntun wá gba àdúgbò wa kọjá. Wọ́n wó ilé wa, wọ́n wó ti Bayumi. Wọ́n kó wa lọ sí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun létí aṣálẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn òkè ilé pa, wọ́n ní ẹyẹlé ò gbọdọ̀ débẹ̀. Bayumi gba ibòmíì lọ. Metwalli ta àwọn ẹyẹ ẹ̀, ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Kò lọ kírun Jímọ̀ mọ́. Nagat ìyàwó ẹ̀ á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú ẹ̀, á tún gbé e kúrò bó ṣe gbé e wá.

Nagat bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n yín ń kú lọ o. Mò ń wò ó báyìí. Ẹ wá nǹkan ṣe."

"Kí ni kí n ṣe, ìyàwó wa?"

"Ẹ kan ilé ẹyẹ míì fún un."

"Níbo? Nínú balùwẹ̀?"

Mò ń ronú ẹ̀ lọ sílé. Ọmọ mi obìnrin fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan sílẹ̀ nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú irú ẹ̀. Mo ní, ibi tó bá gba bọ́ọ̀lù, á gba ẹyẹlé.

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ má dán an wò. Obìnrin ará Jọ́dánì kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù nínú fídíò ni mo fi ṣe ọ̀gá. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ó rọrùn. Kò rọrùn. Pákó, tó o bá ti gé e, ó gé. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀, ohun tó o sọ ló máa ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Mo ní kí ẹyẹ fò, ó fò gba inú ilé kọjá, ó wọlẹ̀ lọ. Mo ní kó bà, ó dojú dé, ó ń fẹsẹ̀ rìn lójú sánmà. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sókè, àwọn lẹ́tà Lárúbáwá já kúrò lára wọn, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn. Mo yọ orúkọ dànù. Ojú ń ta mí, ẹ̀yìn ń ro mí, tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ilé gogoro yẹn nìkan ló rọ̀ mí lọ́rùn. Mo yà á ní pákó kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí ìṣó ti wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wá kan òrùlé Bayumi. Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí. Mo ní ohun tí ọkùnrin yìí ti pàdánù tó gẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún mú ẹyẹ ẹ̀ níbí. Mo fi ojú ọ̀run sílẹ̀ gbalasa. Ẹyẹ tó bá fò, dandan ni kó padà.

Mo gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nagat fi ìrọ̀rí ti ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn.

"Kí lèyí?"

"Ilé ẹyẹ yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Wèrè ti mú ẹ." Ó sún mọ́ ọn. "Ìṣó wíwọ́ yẹn nìyí! Mo sọ nígbà yẹn pé káfíńtà burúkú ni ẹ́."

Inú mi dùn. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹyẹ fò. Ó tẹ èkejì, súfèé dún, gbogbo wọn padà. Ó tún un ṣe, wọ́n tún padà. Ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Òrùlé Bayumi dà?"

"Mi ò fi sí i."

"Kí ló dé?"

"Kó má baà kó yín lẹ́yẹ ni."

"Ragab, ẹyẹ tí kò lè sọnù, adìẹ ni. Gbé adìẹ ẹ máa lọ." Ó kọjú sí ògiri.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi relé. Nagat gbé tíì tọ̀ mí wá.

"Ó bú mi, ìyàwó wa."

"Mo gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti bú èèyàn kẹ́yìn. Ẹ lọ tún un ṣe."

Kò sí iṣẹ́ tó ń rẹni bíi kéèyàn tú ohun tó ti kàn. Mo ya òrùlé Bayumi, mo ya àsíá ẹ̀ tó fàya, mo fi agbo ẹyẹ tiẹ̀ sókè. Bí ẹyẹ ṣe máa ṣìnà gan-an ló pa mí. Obìnrin Jọ́dánì yẹn, bí nǹkan ò ṣe ní ṣìnà nìkan ló ń kọ́ni.

Mo tún gbé e padà lọ. Metwalli ò fẹ́ yíjú. Nagat ní, "Ẹ wò ó, Bayumi wà níbẹ̀." Ó yíjú.

Àwọn ẹyẹ fò, ti Bayumi náà fò, wọ́n wọnú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ súfèé. Wọ́n ń padà, àmọ́ ọ̀kan báyìí, aláyà funfun onírù dúdú, ó ń lọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ni Metwalli bá gbàgbé bọ́tìnnì, ó ki ìka méjì bọ ẹnu, ó súfèé sí kọ̀ǹpútà! Eyín ti tán lẹ́nu ẹ̀, atẹ́gùn àti itọ́ ló pọ̀ jù. Ẹyẹ bà sórí ilé Bayumi.

"Olè! Ọmọ olè!" Ó ti sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì. "Nagat, fóònù mi dà?"

Bayumi gbé fóònù, ohùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Metwalli? Mo rò pé o ti kú."

"O mú aláyà funfun mi!"

"Èwo? Ṣé orí ẹ pé? Mi ò ní ẹyẹ mọ́."

"Ó wà lórí ilé ẹ. Mò ń wò ó báyìí. Ó ní ìrù dúdú."

Bayumi wúkọ́, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Tó bá ti bà sórí ilé mi, tèmi ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má bẹ̀ mí."

"Ta ló ń bẹ̀ ẹ́? Mò ń bọ̀ wá mú tìẹ." Metwalli gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Bayumi gbọ́dọ̀ máa tú ẹyẹ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, látilé ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń rí ojú ọ̀run kan náà."

"Lọ kọ́ ọ. Nagat, ẹ̀wà yẹn ti tutù, bá mi gbé e kaná."

Ìdí tí mo fi tún jókòó síwájú fídíò obìnrin Jọ́dánì nìyẹn, tó tún ń sọ pé ó rọrùn. Ojú mi ti ń pa dé. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ti fi ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ ṣe nǹkan fún èèyàn yín rí, tó sì bú yín lé e lórí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá rọra kà á. Ẹni tó bá mọ ti kọ̀ǹpútà méjì yẹn nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ kọ tiẹ̀.