Òǹkọ̀wé Tí Ó Bi Mí ní Orúkọ Ọkọ Mi

Ìyá Rótìmí, inú ń bí mi láti ìgbà tí mo ti jí. Ṣé o rántí ìwé ìtàn ilẹ̀ Íńdíà tí bàbá ilé wa máa ń kà fún mi kí wọ́n tó kú? Ìlú kékeré lásán ni ìtàn rẹ̀ dá lé, kò sógun, kò sọ́ba. Dínẹ́ẹ̀ṣì ń ránṣọ, Púrákáàṣì ń ta tíì, ewúrẹ́ kan tó ń jẹ́ Mótì ń jẹ aṣọ oníaṣọ.

Inú ìlú náà ni mo bá ara mi lójú àlá. Ṣọ́ọ̀bù onítíì ni, ṣùgbọ́n ògiri pálọ̀ wa ni. Bàbá ilé wa wà níbẹ̀, wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ Dínẹ́ẹ̀ṣì ṣe. Ẹni tó kọ ìwé náà dúró tì wọ́n, ó mú bíírò lọ́wọ́.

Ó ní, "Màmá, ta ni bàbá yìí? Mo fẹ́ fi wọ́n sínú ìwé."

Mo ní, "Bàbá Kẹ́mi ni."

"Orúkọ ọmọ nìyẹn. Tiwọn ńkọ́?"

Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ìyàwó Dínẹ́ẹ̀ṣì pàápàá kì í pè é. Mo ní, "Olówó orí mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ pé, "Ọkùnrin kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe," ó sì pa ìwé dé. Bí mo ti wòkè, bàbá ilé wa ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ewúrẹ́ lórúkọ, ọkọ mi ò ní. Má túmọ̀ àlá yìí fún mi o.

Bí mo ti jí, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì jágbe mọ́ ògiri: Adéjàre. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Ojú tì mí, mo tún pè é.