Ohùn Kàsímù Lórí Wáyà Ẹja

2.

…ìgbà tó sì ti jó tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá bá Gàníyù. Kò sẹ́ni tí í gbé kásẹ́ẹ̀tì tó dára wá bá a. Ajah ni, lọ́dún 1984. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì tíì jẹun.

3. PÁTÁKÓ ẸNU ṢỌ́Ọ̀BÙ

GÀNÍYÙ ONÍRÉDÍÒ
A Ń TÚN RÉDÍÒ, TÉÈPÙ ÀTI FÁÀNÙ ṢE.
ẸNI TÍ KÒ BÁ TÈTÈ WÁ GBA ẸRÙ RẸ̀, KÓ MÁ BÍNÚ SÍ WA.

4.

Fàúsátù ló gbé e wá, ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

GÀNÍYÙ: Ta ló gbé e sórí iná?
FÀÚSÁTÙ: Èmi ni, Ọ̀gá. Kì í ṣe orí iná, orí wáyà tí mo fi ń yan ẹja ni. Omi ọ̀sà ló wọ báàgì Dúró tó bá wa mú un bọ̀, nínú ọkọ̀.
GÀNÍYÙ: Ẹ ò ṣe sá a sóòrùn?
FÀÚSÁTÙ: Òjò ń rọ̀. Ohun tó bá ti tutù nílé wa, orí wáyà là ń gbé e sí. Ẹja, bàtà, ìwé iléèwé.
GÀNÍYÙ: Kí ló wà nínú ẹ̀?
FÀÚSÁTÙ: Ọkọ mi.

5. OHUN TÍ DÚRÓ SỌ, ẸNI TÓ MÚ UN WÁ LÁTI GÀBỌ́Ọ̀NÙ

"Kàsímù ò mọ̀wé kọ, kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí. Ó ní orúkọ ọmọ wà nínú ẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ míì. Èmi ò gbọ́ ọ o, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Kò pẹ́ tó fún mi ni òkun gbé ọkọ̀ wọn lọ."

6.

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Àgbò ti wà lórí ìso.

7.

Ike kásẹ́ẹ̀tì náà ti yọ́, okùn inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Gàníyù ń fi èékánná yà á díẹ̀díẹ̀. Ó gé ibi tó jó dànù, ó fi sẹ́lótéèpù so ìyókù, ó ká a sínú ike kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan tí ẹni tó ni ín ò wá gbà. Òórùn ẹja gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ gan-an ni. Ó fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe, kí obìnrin náà máa lọ sílé. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú téèpù.

8. OHUN TÓ JÁDE

…Fàú, ṣé ò ń jẹun dáadáa? Má ru igi ìdáná mọ́ o…

[                    ]

…ẹ̀fọn ibí yìí, hẹn. *(Ó rẹ́rìn-ín.)*

[            ]

…tó bá jẹ́ ọkùnrin, Tàjùdéèn, orúkọ bàbá mi. Tó bá sì jẹ́ obìnrin, mo ti rò ó títí, Fàú, orúkọ tó wù mí ni

[                                        ]

…bá mi kí ìyá mi.

9.

Obìnrin ni ọmọ náà.

10.

Ibí yìí náà jó.

11.

FÀÚSÁTÙ: Ẹ tún fi sí i.

Ó tún fi sí i.

FÀÚSÁTÙ: Ẹ tún fi sí i.

GÀNÍYÙ: Ìyá ọmọ, ẹ wo òwú tí mo fi nu ẹnu téèpù. Ẹ rí eruku pupa yìí? Ohùn ọkọ yín ni. Iná ti jẹ́ kó máa bó lára okùn. Bá a ṣe ń gbọ́ ọ ló ń dín.
FÀÚSÁTÙ: Tá ò bá gbọ́ ọ mọ́ ńkọ́?
GÀNÍYÙ: Á wà níbẹ̀.
FÀÚSÁTÙ: Wíwà wo nìyẹn?

Àánú rẹ̀ ṣe Gàníyù débi pé inú bí i.

12.

Ilẹ̀ mọ́. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló ru téèpù dé ilé wọn, nítorí Fàúsátù bẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ti jókòó sórí ẹní. Fàúsátù ò tíì sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnì kankan.

ÀLÙFÁÀ: Kí lorúkọ ọmọ?

ÌYÁ KÀSÍMÙ: Ẹ fi sí i, Àlùfáà. Bàbá ẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ìyá àgbà náà sún mọ́ téèpù, ó sì tú gèlè rẹ̀ kúrò létí kó lè gbọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Fàúsátù gbé ìka lé bọ́tìnnì. Kò tíì tẹ̀ ẹ́.