Ibi tí Wáyà ti Já Nínú

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì náà ló ń gbé. Ohun tó ń da Mósè láàmú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni pé kò mọ obì tí òun ì bá là.

Rédíò tí àwọn òṣìṣẹ́ epo fi sílẹ̀ fún ìjọ, èyí tí abúlé fi ń bá àwọn tó wà lójú òkun sọ̀rọ̀, ló dákẹ́ mọ́ Ọlọ́lá àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ́ńjìnì ti kú, ìgbì ń gbé wa lọ, a wà ní..." Ó parí. Ọkọ̀ méjì ti wà ní sẹpẹ́ létí afárá pákó láti lọ gbé wọn, ṣùgbọ́n ṣé apá Abereke ni kí wọ́n kọrí sí, àbí apá Etikan? Atẹ́gùn sì ń le sí i.

"Mítà rẹ dà?" Alàgbà Jọọlá bi í.

"Ó bọ́ sódò lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá."

"Á jẹ́ pé ẹja ló ń fi wọn iná báyìí!" Yẹ̀yẹ́ ni baba ń ṣe o, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé àgbọn.

Mósè ti tú rédíò palẹ̀. Ó fi wáyà bátìrì kan sípíkà, sípíkà dáhùn, "kẹ́!" Iná ń wọlé. Rédíò ń hó ṣàà bí òjò, ohùn ènìyàn kan ò sì sí níbẹ̀. Ikùn rédíò yá, etí rẹ̀ ló di. Ó gbójú sókè wo wáyà áńtẹ́nà tó gba ẹ̀yìn ilé lọ sórí òpó. Awọ rẹ̀ ń dán, kò fi ibì kankan já.

"Olúwa, fi hàn mí." Ó so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ bátìrì méjì, ó fi ẹnu kìíní kan ìdí wáyà náà, ó so ẹnu kejì mọ́ abẹ́rẹ́, ó fi gún wáyà láàárín: iná tàn, kò tíì já débẹ̀. Ó gún ìdajì èyí tó kù: iná kọ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún gún un. Sárà ìyàwó Ọlọ́lá ń gbé bátìrì tẹ̀ lé e, ó ń ki ọkọ rẹ̀ kíkankíkan: "Ọlọ́lá, ọmọ a-fi-àjẹ̀-ko-ìjì, má sùn sómi o!"

Abẹ́rẹ́ dé ibi tí ẹnì kan so okùn ẹja gbígbẹ mọ́. Lẹ́yìn okùn, iná tàn. Níwájú rẹ̀, iná kú. Ẹja ti wúwo títí ó fi fa bàbà já nínú awọ.

"Okùn ta nìyí?"

Sárà sọ bátìrì kalẹ̀. "Èmi ni, Bùọ̀dá mi. Ẹja àná ni mo sá."

 Mósè tú okùn náà dànù, ó fi eyín bó awọ wáyà, ó lọ́ bàbà pọ̀, ó sì sáré wọlé. Sárà ti ṣáájú rẹ̀ dé ìdí rédíò.

"...òpó epo... ẹ ń gbọ́? Òpó epo tó wà ní..." Atẹ́gùn mi wáyà, ohùn já.

"Òun ni! Bùọ̀dá mi, ohùn rẹ̀ ni!" Sárà gbé etí lé sípíkà, kò fẹ́ gbé e kúrò.

Mósè wo ọwọ́ Alàgbà tó ń gbọ̀n, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí bọ́tìnì rédíò.

"Ìyàwó wa," ó ní, "jọ̀ọ́, padà síta, lọ bá mi di ibi tí mo ti so wáyà yẹn mú, kí ohùn rẹ̀ má baà já mọ́."